Ìdí Tí Omi Ẹja Láàbù Wa Fi Di Aláwọ̀ Ewé

Ẹni tó bá ti wọ láàbù bàọ́lọ́jì ní tọ́ọ̀mù tó kọjá á ti rí táǹkì gíláàsì tó wà níbẹ̀. Á sì ti rí i nígbà tó burú, nígbà tí àwọn JSS ń pè é ní "ọbẹ̀ ewédú". N kò bínú sí wọn. Omi náà jọ ewédú lóòótọ́. Tí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, kò ní rí ìka ara rẹ̀ mọ́.

Mo wà lára àwa mẹ́rin tó ń tọ́jú táǹkì yẹn, nítorí náà ẹ̀bi tiwa ni, ẹ má wá ẹlòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni ohun tó fà á, ohun tí a ṣe tí kò ṣiṣẹ́, àti ohun tó padà ṣiṣẹ́. Ẹja méjì kú kí a tó mọ̀ ọ́n.

Táǹkì náà gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 30. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 54 lítà ni. Ṣùgbọ́n a kì í bu omi kún un dé ẹnu, yanrìn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà omi inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 45 lítà. Ẹja ẹpìyà kéékèèké mẹ́fà ni a kó sí i, ọ̀kan nínú wa ló bá wa tọrọ wọn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sin ẹja ní Ìfọ́n. A gbin òṣíbàtà kan sínú yanrìn. A tún fi ewéko kan tó rí bí ìrù ológbò sí i, Ceratophyllum ni ìwé pè é. Kò ní gbòǹgbò rárá, ó kàn ń rìn káàkiri inú omi. Tíṣà wa fẹ́ kí a fi táǹkì náà mọ bí ẹja àti ewéko ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́: ewéko ń fún ẹja ní ọ́síjìn, ẹja ń fún ewéko ní kábọ́ndíọ́sáìdì àti ìgbẹ́. Nínú ìwé, bó ṣe rọrùn tó nìyẹn.

A gbé e sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn kó lè dùn ún wò. Àṣìṣe kìíní nìyẹn, nítorí oòrùn ń wọlé bá a láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àṣìṣe kejì ni búrẹ́dì. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ láàbù ló ń já búrẹ́dì sí i, torí ó dùn ún wò bí àwọn ẹja yẹn ṣe ń sáré gòkè. Ẹnì kan tilẹ̀ da gàrí sí i. (Ó mọ ara rẹ̀.) Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, gíláàsì ti ń yọ̀, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọbẹ̀ ewédú dé.

Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an? Ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ara dúró́ọ̀mù omi òjò lẹ́yìn ilé yín, algae ni. Àwa SS2 ti wo Spirogyra lábẹ́ máíkírósíkóòpù, èyí tó dà bí òwú, tí chloroplast inú rẹ̀ lọ́ bíi sípíríńgì bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú algae lòun náà. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ohun ẹlẹ́mìí ni, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún ara rẹ̀ bí ewéko ṣe ń ṣe. Oríṣiríṣi ni. Èyí tó ń sọ gbogbo omi di aláwọ̀ ewé kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan rẹ̀, àìmọye wọn ló ń léfòó nínú omi. Èyí tó dà bí irun máa ń so mọ́ ara ewéko àti òkúta. Èyí tó dà bí eruku aláwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní diatom, sábà máa ń yọ lára gíláàsì tí táǹkì bá ṣì jẹ́ tuntun. Ọ̀kan sì wà tó ń bo nǹkan bí awọ, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé àti búlúù, ó sì ń rùn. Ìyẹn kì í ṣe algae gidi, bakitéríà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu gbogbo ayé ti mọ́ pípè é ní algae. Tiwa ni ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú díẹ̀ nínú èyí tó dà bí irun.

Ohun mẹ́ta ni algae ń fẹ́: ìmọ́lẹ̀, kábọ́ndíọ́sáìdì, àti ajílẹ̀. Ti kábọ́ndíọ́sáìdì, a ò lè rí nǹkan ṣe sí i, torí ẹja ń mí. Ti ajílẹ̀ ni kò kọ́kọ́ yé mi. Mo ní, "Ma, àwa ò da ajílẹ̀ sí i o." Tíṣà wa ní kí n lọ ka ibi tí ìwé ti sọ nípa bí náítírójìn ṣe ń yípo, kí n sì fi búrẹ́dì sí ibi tí wọ́n bá kọ "ohun tó kú" sí.

Bó ṣe rí nìyí. Búrẹ́dì tí ẹja ò jẹ á rà nísàlẹ̀ táǹkì. Èyí tí ẹja jẹ á di ìgbẹ́. Méjèèjì ń di ammonia, májèlé sì ni ammonia jẹ́ fún ẹja. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Nitrosomonas á sọ ammonia di nitrite, májèlé ṣì nìyẹn náà. Òmíràn, Nitrobacter, á sọ nitrite di nitrate, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Ṣùgbọ́n nitrate yìí gan-an ni ewéko ń jẹ! Irú náítírójìn tó wà nínú N tó bẹ̀rẹ̀ NPK tí bàbá mi ń dà sí àgbàdo ni. Phosphorus, ìyẹn P, náà wà nínú oúnjẹ ẹja. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó já búrẹ́dì sí táǹkì wa ló da ajílẹ̀ sí oko algae, kò kàn mọ̀ ni.

Ti ìmọ́lẹ̀, màmá àgbà mi ní Ìlobùú mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n. Àmù wọn wà ní kọ̀rọ̀ yàrá níbi tó ṣókùnkùn, ìdérí sì wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gbé e síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Wọ́n ní, "Ṣé kó lè yọ̀ ni?" Dúró́ọ̀mù tó wà níta ńkọ́? Ó ti yọ̀. Omi òjò kan náà ló wà nínú méjèèjì. Àwọn olórìṣà Erinlẹ̀ ní ìlú wa náà máa ń fi omi odò àti òkúta odò pamọ́ sínú ìkòkò tó ní ìdérí. Wọ́n ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń ṣe é, ìdí yẹn kì í ṣe algae, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn lomi yẹn wà, kò sì sí ohun tí algae máa fi se oúnjẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹja tó kú. Àárọ̀ ni a máa ń bá wọn lókè omi, tí wọ́n ń la ẹnu, tí wọ́n ń mí gúlegúle. Tó bá di ọ̀sán, ara wọn á ti balẹ̀. A rò pé ebi ló ń pa wọ́n láàárọ̀, a bá fi búrẹ́dì kún búrẹ́dì. Àṣé nǹkan mìíràn ni. Lọ́sàn-án, algae ń tú ọ́síjìn sínú omi, ọ́síjìn pọ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ìmọ́lẹ̀ mọ́, algae náà á wá máa fa ọ́síjìn bí ẹja ṣe ń fà á, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí oòrùn tó yọ ni ọ́síjìn máa ń kéré jù lọ nínú omi. Ẹni tó bá ń sin ẹja nínú adágún, tó rí i pé omi ti ṣú jù, tí ẹja sì ń gba afẹ́fẹ́ lókè ní ìdájí, kó má rò ó sí ebi o.

A pinnu pé a máa fọ táǹkì náà fún ra wa. Lọ́jọ́ Friday kan, a da gbogbo omi nù, a fi kànìnkànìn fọ gíláàsì, a fọ yanrìn títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara, a sì pọn omi ẹ̀rọ kún un. Ó ń dán bíi dígí. Lọ́jọ́ Monday, ẹja méjì ti kú, ikùn wọn kọjú sókè.

Ohun méjì la ṣe tí kò dáa. Kìíní, omi ẹ̀rọ ní chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, ó sì ń sun ìjàgbọ̀n ẹja. Ó yẹ ká gbé e kalẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, tàbí ká lo omi kànga. Èkejì ló burú jù: Nitrosomonas àti Nitrobacter tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ara yanrìn àti gíláàsì ni wọ́n ń gbé. Àwa la fi kànìnkànìn àti chlorine lé wọn jáde. Kò wá sí ẹni tó máa sọ ammonia di nǹkan mìíràn mọ́. Omi mọ́ lójú, májèlé ló kún inú rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, ẹ má bi mí ní ìdí, ẹpìyà tó ní àmì dúdú létí ìrù yẹn ti mọ̀ mí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọ̀ ewé ti padà dé. Gbogbo èèyàn wá di dókítà. Ẹnì kan ní ká da álọ́ọ̀mù sí i, ẹlòmíràn ní bílíìṣì. Tíṣà wa kọ̀. Álọ́ọ̀mù lè so algae pọ̀ kó sì rì sísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ṣì wà nínú omi, ó sì lè sọ omi di kíkan fún ẹja. Bílíìṣì, ẹ̀yin náà mọ̀. Kódà oògùn tí wọ́n dìídì ṣe láti pa algae, èyí tí kọ́pà wà nínú rẹ̀, ń pa ìgbín omi, tó bá sì pọ̀ ó ń pa ẹja. Algae tó bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà á jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà, jíjẹrà yẹn á sì tún fa ọ́síjìn tán.

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí wàhálà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú àti Ìfọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la wà níbẹ̀, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí níbí. Ohun tó kan táǹkì ni pé ilé-ìwé tì, kò sì sí ẹni tó lè lọ wo ẹja. Nínú àwa mẹ́rin, méjì jẹ́ ọmọ Ìlobùú, méjì jẹ́ ọmọ Ìfọ́n. Mi ò mọ ohun tí mo lè kọ sí àwọn ti Ìfọ́n lórí fóònù, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Ṣé o rò pé àwọn ẹja yẹn ṣì wà?" Mo ní n kò mọ̀. Orí ọ̀rọ̀ ẹja la wà títí iná fóònù mi fi tán.

Ọjọ́ mẹ́fà ni táǹkì fi wà lóun nìkan. Nígbà tí a wọlé, kíláàsì dákẹ́, oníkálukú ń wo ibi tó máa jókòó sí. Àwa mẹ́rin kàn jọ gba láàbù lọ ni. Bàbá tó ń tọ́jú láàbù ti pa fèrèsé dé kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì ti fi aṣọ dúdú tí a fi ń ṣe ìdánwò ìmọ́lẹ̀ bo táǹkì nítorí eruku. A ṣí aṣọ. A rí yanrìn nísàlẹ̀! Omi ti mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi inú ife. Ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lúwẹ̀ẹ́. Òṣíbàtà ti pọ́n díẹ̀ létí ewé, ṣùgbọ́n kò kú.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀. Òṣíbàtà ní oúnjẹ tó ti kó pamọ́ sí iṣu abẹ́ yanrìn, ó lè fi gbé ọjọ́ mélòó kan nínú òkùnkùn. Algae tó ń léfòó kò ní irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Mo padà kà á pé àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì káàkiri ayé máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: wọ́n á bo táǹkì fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn ò ní fún ẹja lóúnjẹ. Ẹja tí ara rẹ̀ dá kì í tipa ìyẹn kú.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a ṣí aṣọ, àwọ̀ ewé tún ti ń padà bọ̀. Òkùnkùn pa algae, kò kó ajílẹ̀ kúrò. Èyí tó kú gan-an ti di ajílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo bá bu omi aláwọ̀ ewé náà sínú ìgò ike mẹ́rin, mo tò wọ́n sórí fẹ́ǹsì ilé wa. Ìgò kìíní, omi nìkan. Ìkejì, mo fi ẹyọ NPK mẹ́ta sí i. Ìkẹta, mo fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé e. Ìkẹrin, mo gé ẹnu rẹ̀, mo fi ojú oró kékeré kan lé omi lórí. Mo kọ lẹ́tà gàdàgbà sí bébà kan, mo ń gbé e sẹ́yìn ìgò láràárọ̀ láti wò ó bóyá màá lè kà á. Ọjọ́ karùn-ún, n kò lè ka nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìgò NPK. Èyí tí mo fi náílọ́ọ̀nù wé ti mọ́ ní tirẹ̀, ìdọ̀tí díẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìgò kìíní kàn ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ti ojú oró ló já mi kulẹ̀. Ó kọ́kọ́ dáa, nígbà tó di ọjọ́ keje, ewé rẹ̀ ti rà nítorí ìgò há jù. Mo tún un ṣe nínú bàsíà tó fẹ̀, pẹ̀lú ojú oró mẹ́rin. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń ka lẹ́tà ní ìsàlẹ̀ bàsíà.

Ojú oró yìí, ẹ̀yin tó máa ń gbọ́ àdúrà àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, òun àti òṣíbàtà ni wọ́n fi ń súre pé a ó lékè. Lílékè yẹn gan-an ni agbára rẹ̀. Orí omi ló wà, nítorí náà inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba kábọ́ndíọ́sáìdì, òun ló sì ń kọ́kọ́ rí oòrùn. Gbòǹgbò rẹ̀ tó rí bí irùngbọ̀n ń fa nitrate látinú omi. Ó gba oúnjẹ mọ́ algae lẹ́nu, ó tún ṣíji bò ó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó bo gbogbo ojú omi, torí ó máa ṣíji bo òṣíbàtà yín náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń yọ ìdajì rẹ̀, a sì ń sin ín sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Bí ẹ bá ṣe ń yọ ọ́ ni ẹ ń kó ajílẹ̀ jáde nínú omi. Èyí tó ní òdòdó àlùkò tó kún etí omi ní Èkó kì í ṣe ojú oró o, bí àwọn kan tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìyẹn ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n sì rí i ní Bàdágírì.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì: tí ẹ bá máa wa ewéko látinú odò, ẹ wọ bọ́ọ̀tù àti ìbọ̀wọ́. Àwọn ìgbín omi kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní Bulinus, àwọn ló ń gbé kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò, kí ẹ yọ gbogbo ìgbín kúrò, kí ẹ sì fi ewéko náà sínú omi ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, torí kòkòrò tó ń wọ ara èèyàn kì í pẹ́ ju ìyẹn lọ nínú omi tí kò bá rí ara tó máa wọ̀.

Ohun tó kù tí a ṣe kò le. A gbé táǹkì kúrò lẹ́bàá fèrèsé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò sí. Búrẹ́dì dópin. Ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì la ń fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, Sunday kò sí oúnjẹ. Lọ́jọ́ Friday, a ń bu omi rọ́bà péńtì mẹ́ta jáde, ìyẹn 12 lítà, a sì ń fi omi kànga rọ́pò rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́rin omi inú rẹ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ìṣirò, ẹ wò ó: tí nitrate bá jẹ́ 100, tí a bá ń kó ìdá mẹ́rin jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí òmíràn ò sì wọlé, á ku 75, lẹ́yìn náà 56, lẹ́yìn náà 42, lẹ́yìn náà 32. Ní oṣù kan, ó ti dín ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ẹja kankan ò sì kú. Díẹ̀díẹ̀ yìí ló ṣe ohun tí ìfọ̀fúnra ọjọ́ Friday yẹn kò lè ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré ọmọdé ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, wọ́n kìlọ̀ fún èèyàn tó lé ní 400,000 pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ. Bakitéríà tó jọ algae, èyí tí mo ní ó ń rùn yẹn, ló pọ̀ lápọ̀jù nínú adágún ńlá Erie, ó sì tú májèlé sínú omi. Wọn ò gbọdọ̀ sè é mu pàápàá, nítorí sísè kì í pa májèlé náà, ṣe ló ń mú un ki sí i. Ajílẹ̀ tí òjò ń wọ́ láti oko wà lára ohun tó fà á. Àwa náà ń da NPK sóko, òjò náà ń rọ̀ níbí, Erinlẹ̀ ló sì ń gba omi ẹ̀gbẹ́ wa lọ sí ibi tí wọ́n ti sé e fún omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń mu ní Òṣogbo.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje báyìí. Algae ṣì wà, díẹ̀ bí irun lára òkúta, àwọn ẹja ń já a jẹ. Wọ́n tún ń já Ceratophyllum wa jẹ, a ò tíì rí ojútùú sí ìyẹn. Òṣíbàtà ti yọ ewé tuntun mẹ́ta. Àwa mẹ́rin ń pín iṣẹ́ ní méjìméjì, ọmọ Ìlobùú kan pẹ̀lú ọmọ Ìfọ́n kan, kò sẹ́ni tó ní ká pín in bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹni tó kàn wà lára kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ lè wá wò ó ní àsìkò ìsinmi ráńpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ búrẹ́dì yín tán níta kí ẹ tó wọlé.